Ọmọ Wolé-wolé ní Peckham

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìyá Magdalene, iwájú pẹpẹ ni mo sì ti sọ ọ́.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá ní Peckham, lókè ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Lọ́jọ́ ìsìn, èmi ni wòlíì. Ìyá Magdalene ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní Brockley, ìyá yìí kan náà ni wọ́n sì ń pọn omi àdúrà ìjọ. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò sí ẹlòmíràn tó ń fọ dúrọ́ọ̀mù búlúù tó wà nítòsí pẹpẹ, tó ń pọnmi kún un, tó sì ń fi aṣọ funfun bò ó kí n tó gbàdúrà sí i. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ọ wí, wọ́n á kàn máa wò ọ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi jẹ́wọ́.

Òkìtìpupa ni wọ́n bí wọn sí. Wolé-wolé ni bàbá wọn, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọ kákí, tí í máa wọlé onílé láti yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ìyá Magdalene, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ló ń gbé ìgbákọ funfun tí bàbá náà fi ń bu omi wò. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé kí àwọn tó mọ ABD ni àwọn ti mọ tanwíji ẹ̀fọn tó ń gbé ibà: òun ló máa ń na gbọọrọ lójú omi, àwọn yòókù a máa dorí kodò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mọ́kànlá. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ń rìnrìn àjò yóò kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, a ó sì wọ́n omi sí i lára. Ẹwà, ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n bí síhìn-ín, ti gba oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà múni fún wọn. Ó gbé páálí rẹ̀ wá sí ìsìn.

“Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Mummy kí wọ́n lò ó. She won't listen to me.”

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìjọ ń wò mí. Mo ní, “Ẹwà, ẹni tí wọ́n bí sáàárín ẹ̀fọn, ṣé ó tún lè jẹ́ àlejò ẹ̀fọn? Ẹ̀jẹ̀ Mummy mọ ibà, ibà náà mọ̀ wọ́n. Kí àwọn òyìnbó máa gbé oògùn wọn mì!”

Ìjọ pariwo Halelúyà. Ìyá Magdalene wò mí, wọ́n wò mí títí. Wọ́n gba páálí náà lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi lọ tí wọ́n fi bọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n padà dé ni ara wọn gbóná. Wọ́n fi tó ibi iṣẹ́ létí pé àwọn kò lè wá sí ṣífíìtì, flu ló ń ṣe àwọn. Wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn kò dárúkọ Nàìjíríà rárá. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún Ẹwà ni pé bí èèyàn bá ti dárúkọ ilé, ìbéèrè á pọ̀. Dókítà ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Omi ìjọ ni wọ́n mu. Wọ́n sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e.

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ náà, Ẹwà pè mí lọ́sàn-án. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn ilé wọn. Mo bá wọn lábẹ́ kúbùsù mẹ́ta, eyín wọn ń gbá ara wọn, ẹyinjú wọn ti pọ́n rúsúrúsú.

“Mo fẹ́ pe ambulance, wọ́n ní kí n má pè é, ààwẹ̀ ku ọjọ́ kan,” ni Ẹwà wí. “Wòlíì, tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Please.”

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ohùn mi ń lọ sókè, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ibẹ̀ gbẹ. Bí mo bá ní kí wọ́n tú ààwẹ̀, ṣé kì í ṣe pé n kò gba Ọlọ́run gbọ́? Bí n kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kú ńkọ́? N kò ní purọ́ fún yín: Ọlọ́run tí mò ń pè kò dá mi lóhùn.

Ìyá Magdalene ló sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń lálàá.

“Bàbá mi da omi wòlíì nù.”

“Omi wo, Mummy?” ni mo bi wọ́n.

“Omi àdúrà, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Tanwíji wà nínú ẹ̀. Wòlíì ibẹ̀ ní, ṣé orí ẹ dàrú ni, omi tí mo ti yà sí mímọ́? Bàbá mi ní, Ọlọ́run tó ya omi yín sí mímọ́ náà ló fún mi lójú tí mo fi rí kòkòrò inú ẹ̀.” Wọ́n mí. “Ó pọn òmíràn lọ́jọ́ náà. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní, ẹ máa gbàdúrà.”

Mo dìde láìṣe àmín. “Ẹwà, pe ambulance.”

“Ààwẹ̀ mi ńkọ́?”

“Mummy, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tú u. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó wà lọ́rùn mi.”

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo èèyàn. “Ó ti wà lọ́rùn yín tẹ́lẹ̀.”

Ní ọsibítù, kí nọ́ọ̀sì tó béèrè ohunkóhun ni mo ti ní, “Nàìjíríà ni wọ́n ti dé. Wọn kò lo oògùn kankan.” Ẹnu mi wúwo bíi ti ẹni tó ń jẹ́wọ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní ibà ni, ó sì ti ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi lo oògùn. Mo ní a rò pé ẹ̀jẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ máa ń kọ́ bí yóò ṣe bá ibà jà, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún tí ẹ̀fọn yẹn kò bù ú jẹ mọ́, ara á máa gbàgbé, bí ọmọ wa ṣe ń gbàgbé èdè. Ìyá Magdalene ti di àlejò ẹ̀fọn ìlú wọn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n lò níbẹ̀. Méjì nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò já sí. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ sá lọ, àfi ẹyọ kan: Olúwa, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi pa wọ́n.

Wọ́n padà sí ìjọ nínú oṣù kìn-ín-ní, wọ́n ti rù. Mo bi wọ́n bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, “Mummy, ta ló wò yín sàn? Ọlọ́run ni, àbí oògùn?”

“Wòlíì, tẹ́ ẹ bá ń wa bọ́ọ̀sì, ṣé ẹ máa ń dijú?”



Lọ́jọ́ ìsìn yẹn gan-an, Ọbanijésù, ọmọ ìjọ wa kan, àti ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n ń lọ sílé. Mo béèrè oògùn wọn. Wọn kò ní. Mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ gbà á kí wọ́n tó wá kúnlẹ̀. Kíkùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, “Ìgbàgbọ́ wòlíì ti ń tutù o.” Apá kan nínú mi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣì ń gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Mo yíjú sí dúrọ́ọ̀mù, mo na ọwọ́ láti gbàdúrà sí omi. Ìyá Magdalene dá mi dúró. Wọ́n ká aṣọ funfun kúrò, wọ́n tan iná fóònù wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Òtútù ń já wọlé láti ojú fèrèsé. Ẹ̀fọn wo ní ń bẹ ní Peckham lásìkò yẹn? Síbẹ̀ wọ́n wò ó yípo, wọn kò kánjú. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo dúró dè wọ́n. Gbogbo ìjọ náà dúró.

Wọ́n da aṣọ bò ó padà.

“Ó mọ́,” ni wọ́n wí. “Ẹ máa gbàdúrà.”