Ewé Tí Omi Iyọ̀ Kò Lè Pa

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí mo padà sí Màhíntẹ̀dó, ohun tó wù mí jù ni pé kí iwájú ilé mi tutù. Yanrìn ni wọ́n fi kún ilẹ̀ náà kí n tó kọ́lé sí i. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, yanrìn á bọ́ sójú, á bọ́ sọ́bẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti da sìmẹ́ǹtì sí tiwọn, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí ẹyẹ àti labalábá ríbi bà sí.

Èmi àti àbúrò bàbá mi obìnrin la jọ ń gbé. Ìyá ni mo ń pè é. Òkun ló jẹ etíkun abúlé rẹ̀ títí ó fi gba ilé rẹ̀, ìyẹn ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tó ti dé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Bí mo bá kí i, á dáhùn, ó parí nìyẹn.

Mo lọ sí Àkúrẹ́, mo ra koríko tí wọ́n ń tẹ́ síwájú ilé àwọn olówó, èyí tí wọ́n ká jọ bí ẹní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tutù yọ̀yọ̀, mo sì ń yangàn káàkiri àdúgbò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, omi kún, ó gun iwájú ilé wá, ó lo ọjọ́ méjì kó tó fà. Iyọ̀ inú omi náà jó koríko mi gbẹ pátápátá.

Mo káwọ́ lérí, mo ń wò ó. Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Ìyá ni! Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọma mi,” ó ní, bí àwa Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ, “omi iyọ̀ la bá nílé, o lọ gbé koríko òkè wá bá a jà!”

“Ìyá, kí ni kí n wá gbìn?”

“Èyí tí omi bò tí kò kú. Kò sí lọ́jà. A ó lọ wá a.”

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé wa lọ sí abúlé rẹ̀. Kò tíì padà débẹ̀ láti ìgbà tí ilé rẹ̀ ti lọ. Ó wo ibi tí ìgbì ń ru sí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbọ̀rọ̀ ayaba, ìtàkùn etí òkun, ló bo ìyókù yanrìn ibẹ̀, ó nà gbọọrọ bí okùn àwọ̀n, òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò. Omi ti gbá a láàárọ̀ yẹn, síbẹ̀ oyin ń wọ inú òdòdó. Ìyá gbé ìtàkùn kan sókè: gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ta gbòǹgbò.

“Má fà á tu o,” ó kìlọ̀. “Òun ló di yanrìn mú fún àwọn tó kù níbí. Gé díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún.”

Ó tún ní kí n mú pápásan, èyí tí ewé rẹ̀ kéré tó sì ki, nítorí pé ẹyẹ fẹ́ràn èso rẹ̀.

Bí a ṣe ń gbìn ín, alàgbà ìjọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ké sí mi. “Tíṣà, ṣé igbó lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ni? Ejò á wọlé o!”

Ìyá ló dá a lóhùn. “Alàgbà, kò ní ga ju kókósẹ̀ lọ. A ó sì fi ìkarahun ìṣáwùrú la ojú ọ̀nà, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ ń tẹ̀.”

Nígbà tí omi tún kún, ẹrẹ̀ bo ewé wa. Ó fà, òjò fọ̀ ọ́, òdòdó sì là láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Akàn gbẹ́ ihò sábẹ́ ìtàkùn. Mo fẹ́ dí i, Ìyá kọ̀. “Ṣé ìwọ nìkan ló ń wá ilé ni?”

Lọ́jọ́ kan mo ń dín ẹja, ó fọwọ́ pè mí láti ojú fèrèsé. “Rọra máa bọ̀!” Ológoṣẹ́ ló kún inú pápásan, wọ́n ń ṣa èso jẹ. A kúnlẹ̀, a ń kà wọ́n, a ṣì wọ́n kà, a tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ẹja mi jóná ráúráú, kò dùn mí rárá.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan, alàgbà dé. “Ìyá, ẹ bùn mi díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì mi ti là, ooru rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n jókòó síta.”

Ìyá kò dúró de bàtà. Ó gbé ìtàkùn, ó ṣíwájú. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀hún, alàgbà ti kúnlẹ̀ tòun taṣọ funfun rẹ̀, ó ń ṣí àfọ́kù sìmẹ́ǹtì kúrò. Ìyá dúró tì í, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Oríkèé ni kí ẹ fi sínú yanrìn, Alàgbà! Kì í ṣe òdòdó!”