Ìyá Ẹja àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ìyá Ẹja ni wọ́n ń pè é ní yàrá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ló ń tọ́jú, àwọn kan nínú wọn ní àrùn ọkàn. Á gbé ẹja kan sínú páìpù onídígí, á tan ẹ̀rọ, omi á máa ṣàn bọ̀ wá pàdé ẹja náà, á sì máa fi kún eré omi díẹ̀díẹ̀. Ẹja tí ara rẹ̀ le á máa lúwẹ̀ẹ́ lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Èyí tí ọkàn rẹ̀ ò dá, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́, omi á gbá a sẹ́yìn mọ́ àwọ̀n ìdí páìpù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Agbẹ́rù ni. Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé, òun ló ń bá a gbé bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀. Èjìká yẹn ló fi rán àbúrò rẹ̀ níléèwé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró mí lágbedeméjì àtẹ̀gùn ilé Ìyá Ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀lẹ ti wọ̀ yín lára o!"

"Ọ̀lẹ kẹ̀? Àtẹ̀gùn ilé rẹ ló ń ga sí i."

Wọ́n á jọ bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yà sí yàrá ìwádìí láti gba kọ́kọ́rọ́ ilé àbúrò rẹ̀, torí ibẹ̀ ló fẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ẹja kan nínú páìpù. Ẹja náà jà, jà, jà, ó sì fara sílẹ̀ fún omi.

"Ṣé báyìí lẹ ṣe ń mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú omi tó dákẹ́, ẹ ò lè mọ̀. Àfi tí iṣẹ́ bá dé."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pa àyà. "Àbúrò mi, èmi náà..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé òmíì sí i ná. Tá a bá délé, a ó sọ ọ́."

Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó lọ. Nígbà tí Ìyá Ẹja délé, ẹ̀gbọ́n ti sùn. Ọ̀rọ̀ míì ló gba ọjọ́ kejì.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi dákú nídìí fìríìjì oníbàárà kan tó ń bá gbé. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó yè é. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti wú, pé ká ní ó tètè wá ni, ì bá sàn jù báyìí lọ. Wọ́n mú un gun ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo agbára ìrìn, èyí tí rọ́bà ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Nọ́ọ̀sì fi kún eré rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di irin mú, òógùn bò ó, ó ń sún sẹ́yìn. Ìyá Ẹja ò lè wò ó. Ó jáde, ó forí ti ògiri, ó sunkún.

"Ẹ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ló wí nígbà tí wọ́n parí, "mi ò dúró gbọ́."

"Èmi náà ì bá tún un sọ. Ṣé ìwọ lo ba ọkàn mi jẹ́ ni?"

Ìdáríjì náà ò tu Ìyá Ẹja nínú. Ó kó kúrò lókè, ó gba yàrá kan nísàlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè máa wá. Àwọn tó ń bá ẹ̀gbọ́n gbẹ́rù tẹ́lẹ̀ ló wá kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pàṣẹ: "Ẹ fẹ̀gbẹ́ gbé e! Ẹ má jẹ́ kó ha ògiri!" Àwọn yẹn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹja rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń nawọ́ sí ẹrù kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá, bí ẹni tó ṣì wù kó bá wọn gbé e. Ó lọ bu omi wá fún un.