Adájọ́ Tí Kò Rí Ẹni Fọwọ́ sí Ìsìnkú Rẹ̀

Ermeline Vaudin kú láàárọ̀ Ọjọ́rú, lórí àpótí tó máa ń jókòó lé láti fún wàrà. Orí rẹ̀ fara ti ìhà màlúù kan tí kò mira títí Odette Carré, akọ̀wé ilé ẹjọ́, fi wá a débẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ó ti ṣe adájọ́ erékùṣù Maróse fún ọdún méjìlélógún, òun nìkan ṣoṣo, láìní igbákejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà nílẹ̀ kí a tó sin ín. Níbo la tẹ́ ẹ sí? Inú ilé òtútù àwọn apẹja ni, láàárín àpótí akàn tó ń dúró de ọkọ̀ Faransé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, akàn ló bá wa ṣọ́ òkú adájọ́. Àwa èèyàn wà nínú ilé wa, a ń yáná.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló kàn mí tí mo fi ń bínú, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Èmi Clement Hamon, tó ń kọ ojú ìwé kejì nínú ìwé ìròyìn tí ẹ fi ń di ẹja, ọ̀kan ni mí nínú àwọn méje tó wà nínú Ìgbìmọ̀ Erékùṣù. Ẹ ò dìbò fún mi o. Kò sẹ́ni tó bá mi du ipò náà ni. Torí náà, ẹ má fojú olódodo wò mí lónìí. Mo wà lára àwọn tó jalè, èmi náà ni mo tún ń ké olè.

Mo mọ obìnrin yìí dáadáa, torí ó ti dá mi lẹ́jọ́ rí. Kò sí mọ́tò ní Maróse, katakata nìkan la ní, síbẹ̀ èmi yìí mu ọtí èso ápù yó, mo fi katakata wó ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di ọjọ́ ẹjọ́, màmá adájọ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, aṣọ dúdú adájọ́ ká sínú agbọ̀n iwájú kẹ̀kẹ́, ìgò wàrà wà lórí rẹ̀. Ó wọ aṣọ, ó jókòó, ó wò mí.

"Clement, ṣé ògiri ló wá pàdé ẹ ni, àbí ìwọ lo lọ bá a?"

"Màmá, ilẹ̀ ló ti ṣú."

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? Nínú oṣù kẹfà?"

Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi tún ògiri náà mọ, láti òkúta àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹta, tí ẹ̀yìn fẹ́ẹ̀ já mọ́ mi, mo rí i tó ń gbé ìkòkò amọ̀ bọ̀. Ẹ̀wà àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, tó ti wà lórí iná láti àná. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ó ní, "Adájọ́ ló fún ẹ níṣẹ́ ṣe. Ermeline ló gbé oúnjẹ wá. Má dà wọ́n pọ̀ o."

Ẹni tí a fi sílẹ̀ kó kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà ní Erékùṣù Ńlá, níbi tí ọsibítù wà, sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn. Òfin wa sọ pé adájọ́ kò gbọ́dọ̀ sùn ju òru méjì lọ lóde erékùṣù, àfi tí igbákejì bá ti búra. Ìgbìmọ̀ wa ló ń yan igbákejì. Màmá kọ̀wé sí wa. Ó dárúkọ Odette, tó ti wà nílé ẹjọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó sì mọ òfin ju ẹni tó ṣe òfin lọ. Kí ló kù? Ọwọ́ méje péré, ká nà á sókè.

Ìgbà mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ náà wá síwájú wa. Ìgbà mọ́kànlá la ní ó di ìgbà mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan, alága wa, Osmond Guille, ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ìgbà kan wà tí a fi wákàtí méjì jiyàn lórí bóyá kí ajá máa rìn létí òkun láìsí okùn lọ́rùn, kò wá sí ẹni tó lè dúró gbọ́ ti adájọ́ mọ́. Lẹ́ẹ̀keje, èmi fúnra mi ni mo dábàá pé ká sún un síwájú. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí? Mo gbé ọ̀dùnkún kaná sílẹ̀ nílé.

Kò tán síbẹ̀. Mo tún jókòó, mo kọ àpilẹ̀kọ kan tí mo pè ní "Adájọ́ Fẹ́ Lọ Sinmi: Ta Ni Yóò Dá Màlúù Lẹ́jọ́?" Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ kejì, màmá gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó mú un wá bá mi. Ó ti fi pẹ́ńsù pupa ṣàtúnṣe sí i.

"O ṣi orúkọ mi kọ. O tún ní mo fẹ́ sinmi. N ò fẹ́ sinmi, Clement, àìsàn ló ń ṣe mí."

Ojú tì mí, mo bá fi ẹ̀fẹ̀ bò ó. "Màmá, ẹ máa lọ sí ọsibítù yín jàre. Ta ló máa mọ̀?"

"Mo ti Hedley apẹja mọ́lé fún ọjọ́ méjì torí ó rú òfin, ó ní ta ló máa mọ̀. Ṣé kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Hedley ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun òkè lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró láti mí kó tó dé orí òkè. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń kà á. Lẹ́yìn náà mo lọ po tíì.

Ó wá kú. Òfin wa sì tún sọ pé ẹni tó bá kú tí kò sí dókítà lọ́dọ̀ rẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ wo òkú náà, kó fọwọ́ sí ìwé, kí a tó gbẹ́lẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè ní ká sin Ermeline Vaudin ni Ermeline Vaudin. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán báyìí.

Odette fóònù alága, tí Ìgbìmọ̀ kò lè jókòó láìsí i, tó wà lẹ́nu ìsinmi, tó ń ṣeré ìyọ̀ lórí yìnyín ní òkè Switzerland.

"Ṣé kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni?"

"Ta ni, sà?"

"Òkú náà."

Odette ní, "Ó kúkú ti ń dúró dè yín láti ọdún méjì," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, alága dé, Ìgbìmọ̀ pé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá la fi yan Odette, tó fi búra. Mo wo aago. Ohun tí a kò rí àyè ṣe fún alààyè lọ́dún méjì, a ṣe é fún òkú kí tíì inú ife wa tó tutù. Odette lọ sí ilé òtútù, ó ṣí aṣọ lójú ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ìwé àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nìyẹn.

Níbi ìsìnkú, alága pe màmá ní òpó erékùṣù. Èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Èmi náà gbé ọ̀rọ̀ arò dání nínú àpò, tó dùn létí bí oyin. N kò lè kà á.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá adájọ́ tuntun nílé ẹjọ́.

"Mo wá fi ara mi sùn."

"Kí lẹ ṣe, bọ̀dá Clement?"

"Ẹ ti mọ̀."

"Mo mọ̀. Kò sí òfin tí mo lè fi tì yín mọ́lé, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti ṣe é. Ṣùgbọ́n mo láṣẹ láti ṣèwádìí ikú ẹni tó kú láìsí dókítà. Ẹlẹ́rìí ni mo ń wá. Ṣé ẹ máa wá?"

Mo ní màá wá.

Torí náà, ẹ gbọ́, ẹ̀yin mẹ́fà tó kù. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, nílé ẹjọ́. A máa ka ìwé ìpàdé Ìgbìmọ̀ sókè, gbogbo ìgbà mọ́kànlá, kí ará ìlú gbọ́ ẹni tó dábàá àti ẹni tó nawọ́. Kí alága kọ̀wé fipò sílẹ̀ kó tó jókòó. Tèmi ti wà lórí tábìlì akọ̀wé Ìgbìmọ̀. Kí a sì fi òfin dè é pé adájọ́ kò ní wà láìní igbákejì mọ́, kódà fún ọjọ́ kan.

Ẹni tí kò bá wá, èmi ni màá dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Erékùṣù kékeré la wà: mo mọ orúkọ yín, mo mọ ti bàbá yín, mo sì mọ ohun tí oníkálukú yín gbé kaná sílẹ̀ nílé.