Kámẹ́rà Tó Ń Wò, Tí Kò Rántí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sábà sọ̀rọ̀ ara mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìgàndò ni mò ń gbé. Nígbà tí àwa onílé fi kámẹ́rà sí géètì àdúgbò, ilé mi ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àwòrán sí. Alága wa ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́ ojú àdúgbò. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Oníṣẹ́ tó fi í síbẹ̀ kìlọ̀ fún mi: bí díìsìkì inú rẹ̀ bá kún, àwòrán tuntun yóò máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Mo ní kò burú. Kí ló kàn mí?

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyàwó mi kú. Ó jáde láàárọ̀, ó yọ ahọ́n sí kámẹ́rà bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ. Kò padà wálé. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo rí àwòrán àárọ̀ ọjọ́ náà nínú ẹ̀rọ. Mo wò ó títí, kí n tó rántí ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ yẹn. Àwòrán tuntun yóò pa á rẹ́!

Mo bá dá ẹ̀rọ náà dúró, kó má gba nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ ọn ṣì ń fi géètì hàn. Iná pupa ṣì ń tàn lára kámẹ́rà. Ta ni yóò mọ̀?

Ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n jí ẹ̀rọ tó ń fa omi nílé Ìyá Síkírá. Ẹnìkan ní òun rí Múfú, tó ń lẹ táyà níwájú géètì, nítòsí ibẹ̀. Kí n tó wọ bàtà, wọ́n ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya.

Àmọ́ ẹ̀rù ò bà á. Ẹ̀rín ló ń rín!

"Ẹ lọ wo kámẹ́rà Bàbá! Abẹ́ agboòrùn mi ni mo wà látàárọ̀. Bàbá, ẹ fi hàn wọ́n jàre!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní kò gbà á sílẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Síkírá pòṣé. "Ojú ńlá tí kò ríran! Irú kámẹ́rà wo nìyẹn?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Múfú. Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé táyà wá bá a mọ́. Ó kó lọ sí Ìjẹ̀gùn. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó jí ẹ̀rọ omi yẹn. Èmi tó yẹ kí n mọ̀, n ò mọ̀.

Nígbà tí mo wá pe oníṣẹ́, ó da àwòrán ìyàwó mi kọ sínú fláàṣì kọ̀ǹpútà. Omi tí mo gbé ka iná fún tíì kò tíì hó tó fi parí! Ó ní ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ pa ẹ̀rọ náà nìyẹn?

Mo sọ òótọ́ fún àwọn onílé. Mo lọ sọ ọ́ fún Múfú náà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Bàbá." Kò tún gbójú sókè sí mi mọ́. Ó ń lẹ táyà rẹ̀ lọ.

Ibi méjì ni mò ń tọ́jú àwòrán sí báyìí. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbà á sílẹ̀ lóòótọ́. Iná pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀rí o!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ wo ohun tí kámẹ́rà yín gbà sílẹ̀ kẹ́yìn? Bí irú èyí bá ti ṣe yín rí, ẹ kọ ọ́ síbí. Kó má jẹ́ èmi nìkan.