Píjò Làtífù àti Èéfín Àárọ̀

Làtífù ará Àpòmù kì í ṣe òpùrọ́. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yéni, nítorí ohun tí ó ṣe ní ọdún 1987 lè mú kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa.

Ó ní Píjò 404 kan, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, Làtífù rí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dojú dé. Òun àti wẹ́dà kan gé e, wọ́n jó o, wọ́n sì fi tipátipá kì í bọ inú Píjò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ṣeé pa dé mọ́. Okùn ni wọ́n fi so ó. Ọkọ̀ náà ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Èéfín ni àléébù rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láàárọ̀, èéfín dúdú á bo àdúgbò. Aṣọ tí a sá, a óò tún un fọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sáré tí ara rẹ̀ gbóná, èéfín á tán pátápátá, á wá dà bí ọmọlúwàbí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti gbé e lọ bá àwọn ayẹ-ọkọ̀-wò ní Ìkirè, àwọn tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè ní Fíáìò. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n lé e padà. Láìsí ìwé wọn, kò gbọdọ̀ kó èrò. Ni Àmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, bá là á mọ́lẹ̀ fún un:

"Bàbá Rùfáì, bí wọ́n bá tún lé e padà, mo máa fi sin adìẹ."

"Kí lo máa fi sin adìẹ?"

"Ọkọ̀ yín. Ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn. Ilé adìẹ wo ló tún ní gíláàsì?"

Ó rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Àmọ̀kẹ́ ra àgbébọ̀ mẹ́ta, ó so wọ́n mọ́ ìdí táyà, kí wọ́n lè máa mojú ilé.

Làtífù jókòó, ó ronú. Àpòmù sí Ìkirè kò jìnnà tó láti mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Nítorí náà, nígbà kẹta, ó kọ́kọ́ sáré lọ sí Gbọ̀ngán, ó yí po ní oríta, ó sáré padà, ó sì kọjá Àpòmù láìbojú wẹ̀yìn títí dé Ìkirè. Ó tò sí ìlà. Kò pa ọkọ̀.

Mọ́nsúrù, dẹ́rẹ́bà tó wà níwájú rẹ̀, yọjú. "Làtífù, ṣé ó ń rọbí ni, tí o ò fi lè pa á?"

"Bátìrì ni kò dára."

Bátìrì náà kò dára lóòótọ́.

Ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, ẹni tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń funfun débi pé ojú á máa dunni. Hankíṣífù ni ó fi ń mọ ọkọ̀ tó ń ṣèéfín: á tẹ́ ẹ sẹ́nu sálẹ́ńsà níbi tí èéfín ń gbà jáde. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Píjò. Hankíṣífù kò yí àwọ̀.

"Ọkọ̀ yìí ti ronú pìwà dà."

"Ọlọ́run ló ṣe é, ọ̀gá."

"Ó dáa. Pa á, ariwo rẹ̀ pọ̀. Bí mo bá ṣe tán lọ́dọ̀ àwọn tó kù, n óò wá wo iná ẹ̀yìn, kí n tó buwọ́ lùwé."

Kí ni Làtífù tún fẹ́ ṣe? Ó pa á. Ọ̀gá yẹ àwọn ọkọ̀ yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ra dòdò, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, ó nuwọ́. Làtífù kírun Ayílà, ó fi ẹ́ńjìnnì kún àdúrà rẹ̀. Ó ń lọ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, àmọ́ ti òun, títutù ni ó ń bẹ̀rù.

Nígbà tó yá, ọ̀gá dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gangan sẹ́yìn Píjò. "Ṣí i, kí o tẹ búréèkì."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ṣí i!"

Ó ṣí i.

Nígbà tí èéfín náà kásẹ̀ nílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì ṣì wà níbi tó wà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni a kò rí mọ́.

"Ó ti bí o!" Mọ́nsúrù pariwo.

Ọ̀gá nu ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Làtífù, nígbà tí o bá tún un ṣe, ránṣẹ́ sí mi. Ilé rẹ ni n óò ti wá yẹ̀ ẹ́ wò, láàárọ̀, kó tó jí."

Làtífù wa Píjò padà sílé. Àmọ̀kẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn adìẹ.

Ìtìjú yẹn ló mú Làtífù mú mẹkáníìkì gidi wá láti Gbọ̀ngán. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti bàjẹ́, àwọn adìẹ sì ń wò wọ́n láti inú gíláàsì. Nígbà tí wọ́n parí, ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

"Ìyá Rùfáì, kó adìẹ rẹ kúrò. Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́la."

"Mo ti kó méjì. Ìkẹta ti sàba lé ẹyin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì dé ní ìdájí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ ni ó dúró sí. "Ṣí i."

Píjò ké. Ọ̀gá ti fẹ́ fa hankíṣífù yọ, ni ojú rẹ̀ bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti adìẹ tó sàba nínú ọkọ̀, lókè sálẹ́ńsà gan-an. Adìẹ náà wò ó, ó sì padà di ojú rẹ̀.

Ọ̀gá ti hankíṣífù bọ àpò. "Bí èéfín bá wà, èyí ì bá ti fò dìde." Ó buwọ́ lùwé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Làtífù lẹ ìwé mọ́ gíláàsì, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó fẹ́ kọrí sí gáréèjì. Àmọ̀kẹ́ dúró síwájú rẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ kó èrò."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Rùfáì. Ẹyin kò tíì pa."

Ó sọ̀ kalẹ̀.