Ibi Tí Aago Bàbá Mi Ń Sùn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Fìdítì, aago ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ti bàbá mi sì ni. Ẹ̀yin ọmọ tí aago wà lára ògiri yín, tó tún wà lọ́wọ́ yín, kò ní tètè yé yín bí aago kan ṣe lè jọba lé ènìyàn lórí. Tíṣà ni bàbá mi. Aago yẹn ni wọ́n fi ń lu agogo ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó pẹ́ dé. Ẹni tó bá sì pẹ́ dé, pàṣán ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ kan, aago náà bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Bàbá mi gbé e lọ fún ọkùnrin tó ń tún aago ṣe lẹ́bàá ọjà, Mùsùlùmí jẹ́jẹ́ kan báyìí, tí ojú ọ̀tún rẹ̀ máa ń pọ́n nítorí gíláàsì kékeré tó máa ń há sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dirun fún mi láti ìgbà tí irun mi ti ṣeé dì. Ọkùnrin náà tú aago palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó kán epo sí i. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dá a padà.

“Tíṣà,” ló wí, “ẹ má fi ọjọ́ kan dá a lẹ́jọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ méje. Ẹ máa wáìnì rẹ̀, kí ẹ lọ́ orí rẹ̀ kó le, ní àkókò kan náà, ẹ fi rédíò wò ó, ẹ má yí i síwájú, ẹ má yí i sẹ́yìn. Bó bá ń fi ìṣẹ́jú kan sáré lójoojúmọ́, olóòótọ́ ni, mo lè bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó bá sáré lónìí, tó fà sẹ́yìn lọ́la, òun ni òpùrọ́.”

Ọdún yẹn gan-an ni rédíò dé ilé wa. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù ni, gbogbo tíṣà agbègbè wa sì ń ra rédíò. Tiwa tóbi bí àpótí ìjókòó, ìyá mi sì rán aṣọ funfun tí a tẹ́ lé e lórí. Nírọ̀lẹ́, bí ìròyìn aago méje bá kù díẹ̀, bàbá mi á bọ́ aago lọ́wọ́, á gbé e lé aṣọ náà, gbogbo wa á dákẹ́ títí rédíò á fi dún pí, pí, pí. Ibẹ̀ náà ló ń fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ó ní ọwọ́ ọmọdé kò lè dé ibẹ̀.

Aago náà wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bàbá mi kò ní sùúrù ọjọ́ méje, ó ń yí i sẹ́yìn nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti tún sáré lọ. Ṣé ẹ rí i, àwa ọmọ là ń fi ara gbà á. Wọ́n nà mí, wọ́n na ọmọ ẹni tó tún aago ṣe pẹ̀lú. Ìyá kan tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó ní, “Tíṣà, rédíò ọkọ mi ò tíì kí wa káàárọ̀ tí ẹ fi ń na ọmọ mi. Ṣé aago yín ló ń sáré ni, àbí ẹ̀yin?” Àwọn tíṣà yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Lọ́jọ́ náà, bàbá mi dúró síwájú tábìlì ọkùnrin tó ń tún aago ṣe, lójú ọjà. Ẹni tó ti máa ń pè ní “ẹ̀yin”, ó pè é ní “ìwọ”. “O ti yọ inú aago mi tà, ayédèrú lo kó sí i.” Ó sọ ọ́ níbẹ̀, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi í. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ará Ìlọrà tó máa ń gbé aago wá fún ọkùnrin náà ti ń gbé tiwọn lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo lọ dirun, ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí n jókòó. Ó ní, “Lọ sọ fún bàbá ẹ kó fi aago dì ẹ́ lórí.” Mo sunkún délé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje lẹ́yìn ìjà ọjà yẹn ni ọkùnrin náà wá sílé wa. Kò jókòó, kò sì sẹ́ni tó ní kó jókòó. Ó ní, “Tíṣà, níbo ni aago yìí ń sùn?”

“Ṣé ọmọ ọwọ́ ni, tí yóò fi máa sùn? Ìwọ ni kó o sọ ibi tí o gbé inú rẹ̀ sí.”

Mo ní, “Orí rédíò ló ń sùn.”

Bàbá mi gbá mi létí. Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà nílé wa. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan nípa rédíò náà: bí àwọn òbí mi kò bá sí nílé, mo máa ń fi abẹ́rẹ́ ìyá mi ṣeré lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rò pé ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ló ń dì í mú láti inú.

Ọkùnrin náà wo rédíò, ó wo èmi. Ó tọrọ abẹ́rẹ́ olówùú lọ́wọ́ ìyá mi, ó di òwú rẹ̀ mú, ó fi abẹ́rẹ́ rọ̀ lókè ibi tí aago máa ń wà. Abẹ́rẹ́ náà fà lọ síbi ẹnu rédíò bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

“Irin òòfà ló wà níbẹ̀,” ló wí. “Sípíríǹgì inú aago yín tín-ín-rín ju irun ọmọ yín yìí lọ. Òòfà ti mú un, ó ti lẹ̀ pọ̀, kò lè nà dáadáa mọ́, mímì rẹ̀ wá yá jù, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré. Èmi kò yọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ń gbé e lọ fún un lálaalẹ́.”

Ìyá mi ní, “Abájọ tí abẹ́rẹ́ mi fi máa ń sọnù.” Bàbá mi na aago náà sí ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà gbé aago lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, wọ́n yọ agbára òòfà náà kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi ka ọjọ́ méje pé, kò yí i rárá. Ìṣẹ́jú kan lójoojúmọ́, kò lé, kò dín. Olóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó ti pe ọkùnrin yẹn ní olè, kò padà sí ọ̀kan níbẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ọkùnrin náà ti kó tábìlì rẹ̀ lọ sí Awẹ́, tòun tìyàwó. Mi ò rí ẹni tó mọ orí mi dì bí ìyá yẹn mọ́.

Ayé ti yí padà. Èmi náà ti ní ọmọ lẹ́yìn báyìí. Aago tèmi, bátìrì ló ń jẹ. Bó bá bàjẹ́, a ó jù ú nù, a ò ní ẹni tí a ó pè lólè. Ọmọ mi sì ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, mo ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bàbá mi ti ń darúgbó lọ, aago yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, orí Bíbélì ló ń gbé e sí, nínú yàrá, níbi tó jìnnà sí rédíò. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó bẹ ọkùnrin yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà kò sì wọ yàrá yẹn rí.