Ọjọ́ tí Mọ́tò Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́ ní Ṣáṣá

Ọjọ́ tí èmi àti ìyá mi ń gbé bàbá mi tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn kò lè kúrò lọ́kàn mi. Láti Mòníyà ni a ti gbéra. Nígbà tí a dé Ṣáṣá, mọ́tò gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì kú.

Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí fi kọ́ìlì mìíràn, ohun tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbiná, dán an wò, kò ṣiṣẹ́.

Ó ní, "Kọ́ìlì kọ́ ló bàjẹ́. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó tọ wáyà títí ó fi rí ibi tó ti já, ó sì so ó. Ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Ìyá mi, tí ó gbé orí bàbá mi lé itan lẹ́yìn, ní, "Yí i padà sílé. Bàbá rẹ ti lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo sì wa mọ́tò padà. Kò kú mọ́ títí a fi délé.